Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò Inú Abọ́ Ayépé

Kò pọ̀ nínú ohun tó wà láyé yìí tí Ràmọ́tà kì í bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀rù ajá, ó ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn gíga, fóònù tó bá sì dún kí ilẹ̀ tó mọ́ a máa já a láyà. Kòkòrò nìkan ni kò bẹ̀rù. Ìyẹn ló gbé e dé yàrá ìwádìí kékeré kan lójú ọ̀nà Ìjagun, níbi tó ti ń gbálẹ̀, tó ń fọ ìgò, tó sì ń sin ìdin. Kì í ṣe ìdin inú ẹran o. Ìdin funfun rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń jẹ afárá oyin ni. Oyin àti eèrí ló fi ń bọ́ wọn, bí ẹni ń bọ́ ọmọ ọjọ́ ogbó. Bí ọ̀kan bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ti rí i.

Dókítà Hikmah ló ni iṣẹ́ náà. Ọmọ àwọn oníṣòwò aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Bakitéríà ló ń wá nínú ilẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Irú èyí tó ń pa kòkòrò tí kì í sì í pa èèyàn ló ń wá, bóyá lọ́jọ́ kan wọ́n á lè gba àgbàdo àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ run. Bí wọ́n ṣe ń wá a rèé: wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á kó ìdin lé e, wọ́n á dé e. Bí irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú yẹ̀pẹ̀ náà, inú ikùn aràn tín-ín-tìn-tín kan ló máa ń wà, tí aràn náà ń gbé e kiri bí ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ apá. Aràn á wọ inú ìdin, á yìnbọn, ìdin á kú. Wọ́n á wá mú òkú ìdin, wọ́n á fa ohun tó pa á jáde sínú ìgò.

Ọdún kẹjọ rèé tí Ràmọ́tà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọn ò sì tíì gbà á wọlé bí òṣìṣẹ́ gidi. Òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹni tí wọ́n lè sọ fún lónìí pé kó má wá lọ́la. Lọ́dún yìí ni ìwé dé pé kí Dókítà kọ ohun tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n lè fi gbà á wọlé pátápátá. Orí tábìlì Dókítà ni ìwé náà wà, lábẹ́ ife tíì. Àràárọ̀ tí Ràmọ́tà bá ń nu tábìlì ló ń gbé ife náà kúrò, tí ó ń yọjú wò ó. Àyè tó yẹ kí wọ́n kọ nǹkan sí ṣì funfun báláú.

Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ bá ìwé yẹn jà ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ láti ibi mẹ́ta: Ìjagun níbẹ̀, Ìbẹ̀fun, àti Ayépé tí í ṣe ìlú Ràmọ́tà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bu ti Ayépé lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, lábẹ́ igi obì. Dókítà ń kánjú jáde lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún Ràmọ́tà pé, "Màmá, nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, ìdin méjì tó bá kọ́kọ́ kú ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ kọ Ẹ sára ìgò ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ kọ À sára ìgò àbúrò." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú rárá. Nínú abọ́ Ìjagun, ọ̀kan kú lọ́jọ́ Ajé, èkejì kú lọ́jọ́rú. Ràmọ́tà kọ Ẹ, ó kọ À. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìbẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ti Ayépé, àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni méjèèjì kú. Ọ̀kan kú kí Ràmọ́tà tó jẹun, èkejì kú bó ṣe ń fọ abọ́ tó fi jẹun. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Inú abọ́ kan náà, àárọ̀ kan náà: ìbejì nìyí. Ta ni kò sì mọ ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì? Táyé ló kọ́kọ́ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò, ẹni tó ránni níṣẹ́ lẹ̀gbọ́n. Ìdòwú ni Ràmọ́tà fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí i, kò sì tíì gbàgbé ìfọ́tí tó jẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó kí Táyé kó tó kí Kẹ́hìndé. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó kú kẹ́yìn ló kọ Ẹ sí lára, èyí tó kọ́kọ́ kú ló kọ À sí. Ó kó wọn sí fíríìjì, ó gbàgbé.

Wọ́n bu díẹ̀ nínú ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ka àkọsílẹ̀ inú ara bakitéríà. Ọjọ́ Ajé kan ni èsì dé.

Dókítà tẹ́ bébà gígùn kan sórí tábìlì. Ìlà mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú oríṣiríṣi àwọ̀. Ó pe Ràmọ́tà àti Simeon, ọkùnrin Ìbẹ̀fun tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀.

"Ẹ bá mi wò ó," ó ní. "Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, ìbátan ni wọ́n. Bí ẹ bá ka àkọsílẹ̀ inú ara wọn látòkè délẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibí yìí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kò jọ bí wọ́n ṣe kọ ìyókù. Ibòmíì ló ti wá, ó wá jókòó sí àárín wọn. Erékùṣù là ń pè é."

"Bí ilẹ̀ tó dá dúró láàárín ọ̀sà," Simeon ní.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ràmọ́tà tẹjú mọ́ bébà náà. Kì í sábà sọ̀rọ̀ bí ìwé bá wà nílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Ó jọ ẹrù ìyàwó," ó rọra wí.

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Mo ní... ṣé ẹ rí i... ìyàwó á gbé àpótí tiẹ̀ wọ ilé ọkọ. Ọdún á gorí ọdún, àpótí yẹn á ti di ti ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí i á mọ̀ pé ibòmíì ló ti wá."

Dókítà wò ó títí. "Màmá, odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan tẹ́ ẹ sọ yìí."

"Ìjẹ̀bú ni wá," Simeon ní. "Bá a ṣe ń jogún nílé bàbá là ń jogún nílé ìyá. Bakitéríà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí Dókítà fi gbé ìka lé ìlà ìsàlẹ̀. "Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú rèé. A gbà pé oró tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, inú erékùṣù yẹn ló wà. Èyí tó bá ní in ló ń yára pa ìdin. Ní Ìjagun, ẹ̀gbọ́n ló ní in, àbúrò ò ní, ẹ̀gbọ́n ló sì kọ́kọ́ pa ìdin tiẹ̀. Ìbẹ̀fun, bákan náà. A wá dé Ayépé, àbúrò ló ní in. Ẹ̀gbọ́n tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, òun ló wá kọ́kọ́ pa ìdin. Báwo?"

Ràmọ́tà gbé ojú kúrò lórí bébà. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ pa ìdin: ó gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà náà, lẹ́nu Dókítà, ẹni tó bá ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n, ì báà ṣe ìbejì, ì báà má ṣe ìbejì.

"Walter ní ká yọ Ayépé kúrò," Dókítà ní. Walter ni òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà láti òkè òkun. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa ń rí i. "Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló fẹ́ fi ìwé ìwádìí wa ránṣẹ́ síbi tí wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Bá ò bá rí ìdí ẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, àfi ká da Ayépé nù."

Ràmọ́tà padà sídìí ìgò tó ń fọ̀. Òpùrọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, ilé búrẹ́dì kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó bu iyọ̀ sí ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ fún ọ̀gá. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti wà lójú títì pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Ìwé abẹ́ ife tíì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, kí ni Dókítà máa kọ sínú àyè funfun yẹn? Bí kò bá sì sọ ọ́, yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ di ohun àdànù nítorí ọwọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Dókítà."

"Ẹ̀n, Màmá."

Ó wo ojú Dókítà, ó wo ife tíì. "Omi ti dé," ó ní.

"Ẹ ṣeun."

Lọ́sàn-án ó tún padà lọ. Dókítà gbójú sókè. Ràmọ́tà ní omi ṣì ń yọ. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó sọ pé omi náà mọ́ lónìí ju ti àná lọ. Simeon ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Mubarakah, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tẹ́ ẹ máa kéde omi. Ṣé ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló ya wọlé ni?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre, Simeon."

"Mo kàn ń bèèrè ni. Kí n lè tètè lọ wá ọkọ̀ ojú omi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ràmọ́tà ń fọ ìgò nígbà tó gbọ́ ohùn Dókítà nínú yàrá kejì. "Ọ̀gbẹ́ni Simeon, ẹ má bínú o. Ọjọ́ tí iná lọ, tẹ́ ẹ kó àwọn ìgò lọ sínú fíríìjì kejì, ṣé kò ṣeé ṣe kí nǹkan ti yí ti Ayépé padà lọ́wọ́ yín?"

Ràmọ́tà retí pé Simeon á dá àpárá. Simeon kò dá àpárá. "Dókítà, mi ò rò bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní èmi ni, mi ò lè búra." Ó jáde lọ sídìí jẹnẹrétọ̀.

Ojú fèrèsé ni Ràmọ́tà ti ń wò ó. Wíwò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé àkísà ló fi ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé kò kọrin, bẹ́ẹ̀ Simeon kì í gbé nǹkan nílẹ̀ láìkọrin. Ó rọra gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà Dókítà kí ìbẹ̀rù tó rántí tẹ̀ lé e.

"Bó bá ṣe ti omi ni, Màmá, mo ti gbọ́," Dókítà ní láìgbójú sókè.

"Kì í ṣe omi."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"Simeon ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Ti Ayépé yẹn... àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n kú. Mo wá wò ó pé... ìbejì ni wọ́n."

"Ìbejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èyí tó kú kẹ́yìn, òun ni Kẹ́hìndé. Òun ni mo kọ Ẹ sí lára."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi..." Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Nítorí Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n."

"Ẹ má bínú, mà."

Dókítà dorí kọ tábìlì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ràmọ́tà rò pé ẹkún ni, ó sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kó tó gbọ́ pé ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Simeon yọjú pẹ̀lú àkísà epo lọ́wọ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Wọ́n bí ìbejì ní Ayépé, wọn ò pè wá síbi ìkómọ," Dókítà ní. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tún ní, "Ẹ má bínú sí mi, Ọ̀gbẹ́ni Simeon."

Simeon gbọ́ ọ tán, ó fi ara ti ògiri. "Èmi ò bínú. Ṣùgbọ́n Màmá jàre. Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n."

"Nílé tiwa, Àsánì tẹ́ ẹ ń pè ní Táyé lẹ̀gbọ́n," Dókítà ní. "Òun ló kọ́kọ́ jáde, òun ló dàgbà, ọ̀rọ̀ ti tán."

"Ẹ lọ bi ìyá yín àgbà."

"Ìyá mi àgbà ti kú."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Kẹ́hìndé làwọn náà máa sọ."

Dókítà nu ojú rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. "Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè torí ọ̀rọ̀ ẹnu pààrọ̀ orúkọ ìgò. Ẹni tó bá ka ìwé wa ò mọ̀ yín. Mo máa ní kí Walter fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. A máa tún un ṣe, kí ìdin fúnra wọn wá jẹ́rìí."

Kò sọ nǹkan kan nípa ìwé abẹ́ ife. Ràmọ́tà náà kò bèèrè. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ti di méjì: bí ìdin bá lọ jẹ́rìí mìíràn, a jẹ́ pé ó ṣe àṣìṣe, ó sì tún pa irọ́ lé e.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Simeon mú ìgò Ayépé méjèèjì lọ sí kọ̀rọ̀ kan. Ó fi bébà bo lẹ́tà ara wọn. Ó so òwú pupa mọ́ ọ̀kan, ó so òwú aláwọ̀ ewé mọ́ èkejì, ó kọ èyí tó jẹ́ èwo sórí ìwé pélébé kan, ó ká a, ó kì í bọ àpò àyà rẹ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ kán ohun inú ìgò kọ̀ọ̀kan sí ìdin mẹ́wàá lára. Abọ́ méjì, òwú méjì. Iṣẹ́ Ràmọ́tà ni kó máa ṣọ́ wọn, kó sì máa kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá kú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí èyí tó kú. Ogún ìdin ń jẹun bí àlejò ọdún. Ràmọ́tà fi sítúùlù sí àárín abọ́ méjèèjì, ó ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún.

"Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ tó bá yá," Simeon ní bó ṣe ń kọjá.

"Mo ti ń bá wọn sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí o lọ tan jẹnẹrétọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́fà ti sùn gbalaja nínú abọ́ òwú pupa, ara wọn rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Kó tó di ìrun Jímọ́ọ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti lọ. Nínú abọ́ òwú ewé, méjì péré ló kú. Ràmọ́tà fi ìka kan àwọn tó kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń jà fún ara wọn. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun àsárì, kí èyí tó gbẹ̀yìn tó dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tú ìwé pélébé náà. Simeon fà á yọ láti àpò, ó rọra ń tẹ́ ẹ sí itan.

"Òwú pupa," ó kà. "Òwú pupa... ẹ dákun, ẹ fún mi lómi mu ná. Ṣé omi ti dé?"

"Ka ìwé yẹn, Simeon," Ràmọ́tà ní.

"À. Òwú pupa ni À."

Dókítà fa bébà gígùn rẹ̀ sún mọ́ ara, ó fi bírò yí ìlà kan ká. "À ti Ayépé ló ní erékùṣù. À ti Ayépé ló sì yára pa ìdin. Ó ti dọ́gba nílùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó wo Ràmọ́tà. "Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, à bá ti da ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ yìí nù."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ ọ́ sára ògiri pé láti òní lọ, ọ̀kan ni wọn yóò máa pe èyí tó bá kọ́kọ́ kú, méjì ni wọn yóò máa pe èyí tó bá tẹ̀ lé e, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Simeon ní kó fi "kò sí Àsánì" kún un. Lẹ́yìn náà, Dókítà gbé ife tíì kúrò lórí ìwé Ràmọ́tà. Ó kọ nǹkan sínú àyè funfun yẹn láìdúró ronú, ó sì kà á sí Ràmọ́tà létí: "Ó mọ ìdin ju gbogbo wa lọ. Ó ṣe àṣìṣe kan lọ́dún yìí, ó sì wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó lè mọ̀."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," Ràmọ́tà ní, "ẹ bá mi yọ àṣìṣe yẹn kúrò."

"Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n kà. Ẹni tó máa fọ ìgò pọ̀ nígboro. Ẹni tó máa wá bá mi pé ìgò ti yí lọ́wọ́ òun, ìyẹn ni mi ò rí rí. Ẹ mú un lọ fún wọn."

Ràmọ́tà mú un lọ. Ó dì í mọ́ àyà bí ẹyin títí ó fi dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé. Akọ̀wé àgbà tó wà níbẹ̀ sanra, ó sì ní sùúrù. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ẹ̀yin ni wọ́n kọ eléyìí nípa yín?"

"Èmi ni, sà."

"Àṣìṣe wo lẹ ṣe?"

Ó rò ó fún un, ó ń dúró, ó ń tẹ̀ síwájú, láti orí yẹ̀pẹ̀ dé orí òwú pupa. Akọ̀wé gbọ́ ọ dópin.

"Táyé lorúkọ mi," ó ní.

Ràmọ́tà wolẹ̀.

"Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ti ní ọmọọmọ. Bí mo bá délé bàbá mi, Kẹ́hìndé ṣì ń rán mi lọ ra gúgúrú. Wákàtí méjì ni mo fi ṣáájú ẹ̀ délé ayé." Ó mi orí. "Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan."

Ó kọ déètì sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó fọwọ́ sí i, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́jọ tán níbẹ̀. Ó ti ń nawọ́ sí fáìlì nígbà tí Ràmọ́tà, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára bírò akọ̀wé láti ìgbà tó ti gbé e, fi ìka kan etí tábìlì.

"Ẹ dákun, sà. Ẹ má bínú. Ọdún tó kọjá lẹ kọ síbẹ̀."

Akọ̀wé wò ó. Ọdún tó kọjá ni lóòótọ́. Ó fagi lé e, ó kọ ti ọdún yìí, ó fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún lu òǹtẹ̀. Kò wá kó o sí fáìlì mọ́. Ó yí ìwé náà padà, ó tì í sọ́dọ̀ Ràmọ́tà.

"Ẹ bá mi wò ó délẹ̀ kó tó lọ," ó ní.

Ràmọ́tà fa àga, ó jókòó, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè, kò kánjú.